Táyà Tó Bàjẹ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀ Láìná Ìnákúnàá

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni táyà mọ́tò ń gbà bàjẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè táyà mìíràn. Ìṣó lè wọ ojú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Kòtò ojú títì lè gbá a, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú. Ó lè jẹ tán nítorí ìrìn, ó lè jẹ lápá kan nítorí pé abẹ́ mọ́tò kò dúró dáadáa, ó sì lè gbó láìjẹ rárá, kí rọ́bà rẹ̀ máa sán wẹ́wẹ́ nínú oòrùn. Ibi tí owó ti kọ́kọ́ ń ṣòfò ni pé àwọn onímọ́tò ń ra òmíràn dípò èyí tó yẹ kí wọ́n lẹ̀, wọ́n sì ń lẹ èyí tó yẹ kí wọ́n jù nù. Nítorí náà, irú ìbàjẹ́ tó ṣẹlẹ̀ ló yẹ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ mọ̀ kó tó béèrè iye tí táyà ń lọ.

Rọ́bà nìkan kọ́ ló wà lára táyà. Lábẹ́ ojú tó ń kan ilẹ̀, wọ́n tẹ́ wáyà irin tín-ín-rín sí i ní ìpele ìpele. Okùn aṣọ tó lágbára gba abẹ́ wọn kọjá láti etí kan dé etí kejì. Etí tó di ríìmù mú pẹ̀lú sì ní ìdì wáyà tirẹ̀. Michelin ló gba ẹ̀tọ́ àbò lórí irú táyà báyìí ní 1946, òun sì ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ń lò lónìí. Ojú rẹ̀ nípọn, wáyà sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, okùn aṣọ nìkan ló gbé e ró, bẹ́ẹ̀ ló sì ń tẹ̀ tó tún ń nà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí. Ìdí nìyí tí ìlànà àtúnṣe fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà: ihò tí kò ju mìlímítà 6 lọ, tó sì wà láàárín ojú táyà, ṣeé lẹ̀, ihò tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ tàbí ní èjìká rẹ̀ kò ṣeé lẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú kò ní àtúnṣe kankan. Wíwú yẹn fi hàn pé okùn inú rẹ̀ ti já, afẹ́fẹ́ ti ń ti rọ́bà lásán síta, bíbẹ́ rẹ̀ kò sì ní déètì. Bákan náà ni èyí tí wáyà rẹ̀ ti yọ síta, tàbí tí nǹkan mímú gé ní ẹ̀gbẹ́ títí okùn fi hàn. Ìbàjẹ́ kan tún wà tí ojú kì í tètè rí: ti táyà tí wọ́n wà nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Bí fọgánáísà bá tú irú rẹ̀ kúrò lára ríìmù, ìyẹ̀fun dúdú máa ń dà sílẹ̀ láti inú rẹ̀, tó bá sì fi ìka kan inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á rí i pé ó ti họ yípo bí ibi tí wọ́n fi sánpépà ha. Ríìmù ti lọ ẹ̀gbẹ́ náà láti inú. Kò sí ohun tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ọn tó máa dá agbára rẹ̀ padà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì dà bíi tuntun níta. Ẹni tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lójú ẹsẹ̀ tí táyà jò, tó pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, owó lílẹ̀ ni yóò san. Ẹni tó bá fi ríìmù lásán wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà, odidi táyà ni yóò rà, bóyá pẹ̀lú ríìmù.

Ní ti táyà tó jẹ tán, àmì wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Nínú àwọn ìlà jíjìn ojú táyà ni wọ́n ti gbé ìdènà kéékèèké sí, gíga wọn sì jẹ́ mìlímítà 1.6. Bí ojú táyà bá jẹ títí tó fi bá ìdènà yìí dọ́gba, ìgbà rẹ̀ ti pé. Iye yìí náà ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe òdiwọ̀n fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Nínú òjò, ewu kì í dúró de 1.6: àwọn ìlà yẹn ni omi ń gbà sá kúrò lábẹ́ táyà, bí wọ́n bá sì ti fẹ́ tán, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí omi, bíréèkì kò sì ní mú un. Ní ìlú tí òjò ń rọ̀ fún oṣù méje, mìlímítà 3 ni ó bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó òmíràn. Wíwọ̀n rẹ̀ kò ṣòro: kí wọ́n ki igi ìṣáná bọ inú ìlà náà, kí wọ́n fi èékánná sàmì sí ibi tó dé, kí wọ́n wá gbé e lé rúlà ọmọ iléèwé. Kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n ní inú, ní àárín àti ní ìta, nítorí bí táyà ṣe jẹ ń sọ ohun tó jẹ ẹ́. Àárín tó jẹ ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó jẹ tí àárín ṣì dára, afẹ́fẹ́ ti kéré jù. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó jẹ, abẹ́ mọ́tò tàbí aláínmẹ́ǹtì ni. Táyà tuntun tí wọ́n bá gbé sórí àléébù yìí láìtún un ṣe, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà lọ.

Bí ìbàjẹ́ náà bá jẹ́ ti ìṣó láàárín ojú táyà, ọ̀dọ̀ fọgánáísà ni owó ti kéré jù lọ. Àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà lẹ̀ ẹ́ yàtọ̀ síra, onímọ́tò sì yẹ kó mọ èyí tó ń sanwó fún. Èyí tó yá jù ni kí wọ́n fi okùn rọ́bà olóòjé dí ihò náà láti ìta láìtú táyà sílẹ̀. Ó ń gbani kúrò lójú títì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo inú táyà láti mọ ohun tí ìṣó bà jẹ́ níbẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì ti inú fi rọ́bà tó ní orí pẹrẹsẹ àti ìrù dí i: ìrù á dí ojú ihò kí omi má baà wọlé lọ jẹ wáyà, orí á sì lẹ̀ mọ́ inú táyà kí afẹ́fẹ́ má baà jáde.

Lílẹ̀ oníná tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì jẹ́ iṣẹ́ ọgbọ́n tó yẹ kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Fọgánáísà á fi nǹkan ha ojú ibi tó lu lára tíúbù, á gé rọ́bà tútù lé e, á wá fi písítìn ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú irin tó ń fún un pọ̀. Inú písítìn yẹn tó ṣófo ni yóò bu epo díẹ̀ sí, tí yóò ṣáná sí i. Kí iná náà tó kú, rọ́bà tútù á ti jinná, á sì ti di ara kan náà pẹ̀lú tíúbù. Ohun tí Charles Goodyear ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1839 gan-an nìyẹn, pé ooru àti imí ọjọ́ ń sọ rọ́bà tó rọ̀ di èyí tó le tó sì ń nà. Iṣẹ́ yìí dára fún tíúbù. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n máa ki tíúbù bọ inú táyà aláìnítíúbù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lu, kí ó lè máa rìn lọ. Tíúbù ń dí afẹ́fẹ́ ni, kò lè ṣe iṣẹ́ okùn tó já. Ó tún ń kó ooru jọ sínú táyà, bí ó bá sì lu, afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa yọ́ lọ. Lórí eré ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Táyà mìíràn á sì máa jò láìní ihò. Kí wọ́n tó dá a lẹ́bi, kí wọ́n fi omi ọṣẹ pa etí rẹ̀ àti ìdí fáàfù. Bí ó bá hó níbẹ̀, ríìmù tó dípẹtà tàbí fáàfù tó gbó ló ń jò, fífọ ríìmù tàbí pípààrọ̀ fáàfù sì ti tó.

Nígbà tó bá di dandan kí wọ́n ra òmíràn, gbogbo ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ ni wọ́n ti kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà fúnra rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni 195/65R15 91H, tí ọ̀pọ̀ Toyota Corolla tó wà lójú títì Nàìjíríà ń lò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 195. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. R ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀. Ríìmù tó bá a mu jẹ́ íǹṣì 15. Nọ́ḿbà 91 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 615, H sì túmọ̀ sí pé kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 210 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń wá táyà olówó pọ́ọ́kú kò gbọ́dọ̀ fi nọ́ḿbà ẹrù yìí ṣeré. Ẹni tó bá gbé 82 sábẹ́ mọ́tò tó ń béèrè 91, kìlógíráàmù 475 ni táyà rẹ̀ lè gbé, ìyẹn ni pé 140 ti dín lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí èrò àti ẹrù tó wọlé.

Ìwọ̀n lè yí díẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń wá bá ṣọ̀wọ́n tàbí tó bá gbówó lórí. Táyà 195/65R15 ga tó mìlímítà 634.5 láti ilẹ̀ dé òkè. 205/60R15 ga tó 627. Ìyàtọ̀ wọn kò pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, atọ́ka eré inú mọ́tò kò sì ní ṣìnà púpọ̀. Bí nọ́ḿbà ẹrù rẹ̀ bá ti tó, tí táyà méjì tó wà lórí ọ̀pá kan náà sì dọ́gba, ó ṣeé lò. Àǹfààní tó tóbi ju èyí lọ wà níbi ríìmù. Bébà tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, tàbí ìwé mọ́tò láti ilé iṣẹ́, sábà máa ń dárúkọ ju ìwọ̀n ríìmù kan lọ fún mọ́tò kan náà. Ẹni tó ra mọ́tò tókùnbọ̀ tó dé pẹ̀lú ríìmù 18 tó ń dán, tí ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ, yóò máa ra táyà ọ̀wọ́n, kòtò á sì máa gbá ríìmù rẹ̀ wọ́. Bí ilé iṣẹ́ bá fọwọ́ sí 16 fún mọ́tò náà, ríìmù 16 mẹ́rin tí wọ́n ti lò, pẹ̀lú táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, lè san owó ara rẹ̀ padà láàárín pípààrọ̀ méjì. Kí wọ́n ṣáà gbé e wò kí wọ́n tó sanwó, kí ríìmù kékeré má baà kan bíréèkì.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni ọjọ́ orí. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà DOT, nọ́ḿbà mẹ́rin ìkẹyìn ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Èyí tó bá jẹ́ nọ́ḿbà mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó wọlé, kò sì yẹ kó wà lábẹ́ mọ́tò ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ déètì sí, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni òǹtajà á sì dojú rẹ̀ kọ ògiri, nítorí náà kí wọ́n yí i padà. Ọdún mẹ́rin ni àjọ SON, tó ń mójú tó ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ń kéde fún táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò ń sọ mẹ́fà, Michelin ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó ju mẹ́wàá lọ, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún karùn-ún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de táyà tó ju ọdún mẹ́wàá lọ ní iwájú bọ́ọ̀sì ńlá àti ọkọ̀ akẹ́rù láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2021. Ooru àti oòrùn ló ń mú rọ́bà gbó, fún ìdí yìí, iye kékeré ti SON kò le jù fún mọ́tò tó ń sùn síta ní Ọ̀yọ́ tàbí Ṣakí. Ohun tó ń dun ni pé táyà tí wọ́n ń pè ní tuntun pàápàá lè ti lo ọdún mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì gba owó tuntun pátápátá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ka déètì lójú òǹtajà ní ohun tí yóò fi ná ọjà.

Nàìjíríà ti ní táyà tirẹ̀ rí. Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Michelin ti ilé iṣẹ́ tirẹ̀ pa ní 2007, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Dunlop fi dá iṣẹ́ dúró, nígbà tí owó iná àti ọjà òkèèrè olówó pọ́ọ́kú ti fún wọn lọ́rùn. Láti ìgbà náà, bí dọ́là bá ṣe ń lọ ni owó táyà ń tẹ̀ lé e, ìyẹn ló sì sọ tókùnbọ̀ di àmúlò ọ̀pọ̀ ènìyàn. Táyà àlòkù wà lára ọjà tí kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fi òfin dè pé kí wọ́n má kó wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀ ó kún Ládípọ̀ ní Mushin, ó kún ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gba Kútọnù wọlé. Ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí àjọ kankan tó yẹ̀ ẹ́ wò fún òun. Ojú òun nìkan ló ní.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù náà ti ń ra àlòkù, òfin 1994 sọ bí ó ṣe gbọ́dọ̀ rí: ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ku mìlímítà 2 ó kéré tán, kò gbọ́dọ̀ wú, wáyà tàbí okùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dán an wò, kí wọ́n sì kọ PART-WORN sí i lára kó hàn kedere. Òdiwọ̀n yìí ṣeé lò ní Ládípọ̀ bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń fi agbára mú un ṣẹ níbẹ̀. Kí wọ́n tẹ táyà náà sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n fa etí rẹ̀ méjèèjì kúrò lára ara wọn, kí wọ́n sì fi ọwọ́ ra inú rẹ̀ yípo. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ á hàn, ibi tó họ á hàn. Dídán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sọ nǹkankan. Ìpara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń bo ibi tí rọ́bà ti sán. Kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ àwọn ìlà ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ń fi irin gbígbóná gbẹ́ ìlà tuntun sí táyà tó ti jẹ, èyí tí kò tọ́ sí táyà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ rárá, nítorí rọ́bà tó yẹ kó bo wáyà ni wọ́n ń gbẹ́ dànù. Bí ìlà bá jìn tí ìdènà 1.6 kò sì sí níbẹ̀ mọ́, tàbí tí ìlà náà wọ́, kí oníbàárà fi í sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ra tókùnbọ̀ kì í sábà gbọ́. Púpọ̀ nínú àlòkù tó ń ti Yúróòpù wá, táyà ìgbà òtútù ni. Àwòrán òkè olórí ṣóńṣó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n po rọ́bà wọn rọ̀ kó lè di ilẹ̀ mú nígbà tí òtútù bá mú kí ìwọ̀n ooru lọ sí ìsàlẹ̀ 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Austria, táyà irú èyí tó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ mìlímítà 4 kì í ṣe táyà òtútù mọ́ lójú òfin, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bọ́ ọ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì jìn. Ó máa ń wu ojú ní Kútọnù, wọ́n á sì búra pé kò tíì rìn. Lórí ọ̀dà gbígbóná oṣù kejì, rọ́bà rírọ̀ yẹn á jẹ kíákíá, ìdí mọ́tò á sì máa gbọ̀n rìrì nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lórí eré.

Tuntun náà ní àléébù tirẹ̀. Kí àpótí ọkọ̀ ojú omi kan lè gba púpọ̀, àwọn oníṣòwò kan ń ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn. SON ti gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó sì ti bà á jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí wáyà etí àti okùn inú rẹ̀ ń ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èyí tí wọ́n ti ki báyìí kì í dúró ní roboto: etí rẹ̀ á sún mọ́ra jù tàbí kó wọ́, ìlà ìfúnpá á sì hàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lára àwọn táyà tuntun tí owó wọn kò ga, lẹ́tà tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà wúlò láti fi yan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ TEMPERATURE ni A, B tàbí C máa ń wà, C sì ni ó kéré jù lọ tí òfin gbà. Fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn, A ni kó wá, kó má sì gba ohun tó bá rẹlẹ̀ ju B lọ. Nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé TREADWEAR ń sọ bí rọ́bà ṣe ń pẹ́ tó: 400 yẹ kó pẹ́ ju 200 lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ara rẹ̀ ní nọ́ḿbà yìí.

Ìṣirò kan ṣoṣo ló lè yanjú ìjiyàn lórí tuntun àti tókùnbọ̀, ó sì yani lẹ́nu pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń ṣe é. Táyà tuntun ní nǹkan bíi mìlímítà 8 lójú. Nígbà tí ó bá ku 1.6, wọ́n gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, nítorí náà 6.4 ni ẹni tó rà á lè lò. Tókùnbọ̀ tó ku mìlímítà 4 ní 2.4 péré láti lò. Kí wọ́n mú un, fún ìṣirò nìkan, pé tuntun jẹ́ 100,000 náírà, tókùnbọ̀ sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Mìlímítà kọ̀ọ̀kan lára tuntun bọ́ sí 15,625 náírà. Ti tókùnbọ̀ bọ́ sí 20,833. Tókùnbọ̀ yìí ló wọ́n, kí wọ́n tó tilẹ̀ fi owó gbígbé e wọ ríìmù kún un, èyí tí wọ́n á tún san kí tuntun tó jẹ tán. Kí àwọn méjèèjì tó dọ́gba, tókùnbọ̀ oní-mìlímítà 4 kò gbọ́dọ̀ ju 37,500 lọ. Èyí tó ku 5 kò gbọ́dọ̀ ju 53,125. Èyí tó ku 3 kò yẹ kó kọjá 21,875. Iye ọjà á máa yí, àmọ́ ìpín náà kò yí: nǹkan bí ìdajì fún mìlímítà 5, ìdámẹ́ta ó lé díẹ̀ fún 4, ìdámárùn-ún ó lé díẹ̀ fún 3. Ẹni tó bá ní rúlà àti igi ìṣáná lọ́wọ́ lè bá òǹtajà sọ̀rọ̀ lórí èyí láìpariwo. Ọjọ́ orí kò tíì wọ inú ìṣirò yìí, ó sì ń dín iye tókùnbọ̀ kù sí i.

Síbẹ̀, owó ọjọ́ kan yàtọ̀ sí owó ọdún. Awakọ̀ kọ́rópe tí táyà rẹ̀ bẹ́ láàárọ̀, tí ìwọ̀nba owó sì wà lápò rẹ̀, kò lè dúró de ìgbà tí owó tuntun bá pé. Fún irú rẹ̀, tókùnbọ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa sàn ju èyí tí wọ́n ki tíúbù bọ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ irú ìṣòro yìí ni dídá owó àjọ. Níbi tí àwọn awakọ̀ bá ti ń dá owó táyà lọ́tọ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn bá ń rà á pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lọ́pọ̀, owó rẹ̀ á wálẹ̀, wọ́n á sì lè yan déètì tuntun. Èyí ṣeé ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará àdúgbò pẹ̀lú.

Iye táyà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ náà ń mú owó lọ. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ tí àwọn mẹ́ta yòókù ṣì sún mọ́ tuntun, ẹyọ kan tó, kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kó sì jẹ́ oríṣi kan náà tí ó bá ṣeé ṣe. Bí ìkejì rẹ̀ lórí ọ̀pá kan náà bá ti jẹ jìnnà, kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì, kí wọ́n sì fi èyí tó sàn nínú méjì tí wọ́n bọ́ ṣe sípíà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iwájú ni tuntun méjì gbọ́dọ̀ wà, nítorí iwájú ló ń fa mọ́tò. Àwọn tó ń ṣe táyà gbà pé ẹ̀yìn ló tọ́: bí iwájú bá yọ̀ nínú òjò, awakọ̀ lè dín eré kù kó sì mú un padà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, mọ́tò á yí po mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń fa ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀. Táyà kan tó ga ju àwọn yòókù lọ á máa fi ipá lọ gíà rẹ̀, àtúnṣe gíà sì ju owó táyà mẹ́rin lọ. Fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo tí tókùnbọ̀ fi ń jẹ́ ọgbọ́n ni kí wọ́n wá èyí tí jíjìn ojú rẹ̀ bá àwọn mẹ́ta tó kù mu.

Sípíà tóńtóló tí wọ́n ń fi sí ọ̀pọ̀ mọ́tò láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe ìpààrọ̀. Kìlómítà 80 ní wákàtí kan ni wọ́n kọ sí i lára, PSI 60 sì ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Kó gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ fọgánáísà ni iṣẹ́ rẹ̀. Sípíà gidi tó dúró sínú búùtù fún ọdún mẹ́jọ náà ti gbó, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì kan ilẹ̀.

Níbi gbígbé e wọ̀, owó kékeré wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣahun rẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù rọ́bà nígbà tí táyà bá wà nílẹ̀. Kí wọ́n ha ìpẹtà kúrò létí ríìmù. Kí wọ́n ṣe báláǹsì, pàápàá fún iwájú, nítorí sítíárì tó ń gbọ̀n ń jẹ táyà, ó sì ń ba abẹ́ mọ́tò jẹ́. Mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá láti 2008 sábà máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú ríìmù, lẹ́yìn fáàfù, tó ń sọ fún dáṣíbọ́ọ̀dù bí afẹ́fẹ́ bá ti dín ní ìdámẹ́rin. Kí onímọ́tò sọ fún fọgánáísà kó tó ki irin bọ̀ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ. Kí wọ́n máa di nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, kì í ṣe ní yíyípo. Fún Corolla, agbára tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n fi dì í jẹ́ Nm 103, èyí tí ọwọ́ ènìyàn kan lè ṣe láìgorí sípánà. Lẹ́yìn nǹkan bíi 80 kìlómítà, kí wọ́n tún yẹ dídì wọn wò.

Afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bí owó tí wọ́n ná yóò ṣe pẹ́ tó. Nọ́ḿbà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ òpin ohun tó lè gbà. Èyí tí mọ́tò ń fẹ́ wà lára férémù ilẹ̀kùn, ó sì sábà máa ń wà láàárín PSI 30 sí 35. Kí wọ́n géèjì rẹ̀ láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn. Èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tó gbóná á ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó bá sì dín in kù nígbà yẹn yóò bá a ní kíkéré lọ́jọ́ kejì. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń tẹ̀ jù, ooru rẹ̀ ń pọ̀, ọ̀nà yìí sì ni ọ̀pọ̀ táyà tí kò lu ń gbà bẹ́ lójú eré. Géèjì ọwọ́ kan kò tó owó lílẹ̀ táyà mélòó kan.

Táyà tí wọ́n bọ́ kò yẹ kó padà sọ́jà bí ìbàjẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún fọgánáísà bẹ́ẹ̀, ẹnìkan lè pa á lára dà, kí ó sì tà á fún awakọ̀ mìíràn tí kò mọ̀. Kí wọ́n fi ayùn tàbí ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kó má ṣeé fẹ́ mọ́. Kí wọ́n má sì jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n ti ń sun pọ̀nmọ́, nítorí èéfín rẹ̀ ń fi májèlé sára awọ tí àwọn ènìyàn fẹ́ jẹ. Àwọn tó ń fi rọ́bà rẹ̀ ṣe bàtà àti okùn ìdẹrù, àti àwọn tó ń gbin òdòdó sínú rẹ̀, á gbà á bí wọ́n tilẹ̀ ti là á.